Ìbọn Tí Ń Jẹ Ìwé

Kí Làtíìfù tó ra ìbọn kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbọn kan ti pa ènìyàn lójú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Abúlé kan náà ni wọ́n ti bí wa, ní ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn lọ́hùn-ún, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń la ènìyàn létè bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdẹ tí í kírun ni bàbá rẹ̀. Wọ́n á fi ṣakabùlà ti ògiri mọ́sálásí, wọ́n á wọlé lọ kírun, bí wọ́n bá ti sálámà tán, wọ́n á gbé e kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, wọ́n ń sun igbó láti lé ẹran jáde. Làtíìfù ló gbé àpò ẹ̀tù tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Koríko mì, bàbá yìnbọn. Igbe tó sì jáde látinú koríko náà, ìgalà kì í ké bẹ́ẹ̀. Sàlámì ni, ọ̀rẹ́ bàbá, ẹni tí wọ́n jọ ń fa ààlà oko mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ọdún méjì. Àyà rẹ̀ ti lu jára bí ajere. Làtíìfù fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dí ihò méjì, ẹ̀jẹ̀ gba ihò kẹta jáde. Àwọn àgbà abúlé pe bàbá jókòó, wọ́n ní kí lo rí? Bàbá ní, "Ẹran ni mo rí." Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni kò ní í gbà á gbọ́?

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá kò fi ẹran ìgbẹ́ kan ẹnu mọ́. Nígbà tí ikú wá kan ilẹ̀kùn wọn, wọ́n fa Làtíìfù mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ sí i létí pé, "Fìlà pupa Sàlámì ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó yìnbọn." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Àwọn mìíràn ń fi òwe yẹn ṣẹnu lásán ni. Ti bàbá yìí, ogún ọdún gérégé ni.

Èmi nìkan ni Làtíìfù sọ ọ́ fún. Ó ní, "Ìbọn kan ò ní í fẹnu kan ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ilé tèmi láéláé." Mo ní, "Ìwọ ọ̀hún, kí ni yóò gbé ìbọn dé ilé rẹ?" A jọ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, a di ará Lọ́ńdọ̀nù. Èmi wà ní Lewisham, òun wà ní Peckham, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní gáréèjì bọ́ọ̀sì. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tí ń yìnbọn sí ìwé ní ìgberíko Kent. Wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí ẹní bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, wọ́n á di ojú kan, ìbọn á ní "pàú", bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọ̀pá lu tábìlì, ihò kékeré á yọ lára ìwé. Ó parí. Kò sí ẹran, kò sí Sàlámì. Ó ní nígbà tí òun dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, omi ti bo òun lójú.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa àwọn ìbọn àtijọ́ tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ́ ọmọ ogun tuntun. Bí wọ́n ṣe rí kò yàtọ̀ sí ti ojú ogun: igi kan náà, ìwúwo kan náà. Ọ̀fun wọn nìkan ló tẹ́ẹ́rẹ́. Ọta tí wọ́n ń jẹ kò ju ọmọ ìka ìkókó lọ, etí ìdí rẹ̀ sì ni ìbọn ń gbá kó tó dún, kì í ṣe àárín bíi ti ọta ńlá. Ìbọn tó kọ́ni lógun, tí òun fúnra rẹ̀ kò dé ojú ogun rí! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Làtíìfù lára bí òrí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n jọ. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ó ní márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin, ọmọ ìgbà náà kan sì ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà méjì sí ìdí igi rẹ̀, R àti B. Ìyẹn ló fẹ́ràn jù. Á máa fi òróró ọ̀gbọ̀ pa á lára, á máa bi í pé, "R.B., ta ló bí ọ? Ṣé ó dàgbà?"

Ìjọba ìlú yìí kì í fi ìbọn ṣeré. Ọlọ́pàá wá wo ilé, wọ́n wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tó kàn mọ́ ògiri yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ǹsì. Irin kan wà lẹ́yìn ìbọn tí a ń fà kí ọta tó wọlé. Làtíìfù ń pè é ní ahọ́n. Ó yọ ahọ́n gbogbo wọn, ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí mìíràn lókè àjà, àwọn àti ọta. Ìbọn tí kò láhọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Òfin kan tún wà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà wà, títí kan ìyàwó ilé.

Èyí ni kò dùn mọ́ Àsúmáù, ìyàwó rẹ̀, nínú. "Bàbá Yusrah, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń fọ ṣòkòtò yín. Kí ni mo fẹ́ fi ìbọn ṣe? Ṣé màá fi rokà ni?"

"Òfin ni, Ìyá Yusrah."

"Òfin tí ò mọ̀yàwó!"

Orúnkún Làtíìfù ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, orí àga onírin kan ló ti ń kírun. Inú ihò ẹsẹ̀ àga náà, lábẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi dé e nídìí, ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń jókòó lé e.

Àsúmáù mọ oríkì í kì. Lárààárọ̀, kó tó gbé omi kaná, á kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ tó tutù yìí náà, á kì í. Nígbà tí ìbọn pé márùn-ún, ó fi ti ara rẹ̀ kún un:

"Àlàó, ọmọ ọdẹ tí í bá ìrì jà lówùúrọ̀,
ọkọ mi tó kọ́lé irin fún ìbọn márùn-ún.
Ìbọn kan ò pa ènìyàn,
ìbọn kan ò pa ẹran,
ìwé funfun ni wọ́n ń jẹ nílé Àlàó."

Orí Làtíìfù á wú. Á ní, "Ó dùn, ṣùgbọ́n inú yàrá yìí ni kó mọ." Àsúmáù á ní ta ni òun fẹ́ sọ fún?

Yusrah, ọmọ wọn obìnrin, wá bí ọmọkùnrin. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Abdulqoyyum nínú gbọ̀ngàn kan ní Peckham. Gbogbo wa pé síbẹ̀. Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Wọ́n gbé máìkì fún ìyá àgbà pé kó ṣàdúà, Àsúmáù ṣàdúà tán, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, ló bá kúnlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀: "Àlàó, ọmọ ọdẹ..." Kó tó dé ibi ìbọn, Làtíìfù ti ń ṣẹ́jú sí i. Kò rí i. Gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ọkọ wo ni yóò gba máìkì lọ́wọ́ ìyàwó tí ń kì í níṣojú àna?

Ẹni tí ń ya fídíò lọ́jọ́ náà ni Gbádégẹṣin, ọkùnrin bí ẹni ọdún márùndínlógójì, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ tó mọ àgbà á bọ̀wọ̀ fún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibi ìbọn yẹn kì. Fídíò ò gbé e dáadáa." Àsúmáù tún un kì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sunday, ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán, àdúgbò pa lọ́lọ́. Àwọn aládùúgbò tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn nínú ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sọ di ilé Olúwa, wọn kì í sì í dé kó tó di agogo mẹ́ta. Àsúmáù ń dín dòdò. Agogo ilẹ̀kùn dún. Gbádégẹṣin ni, ó gbé fídíò ìsọmọlórúkọ wá nínú báàgì tó ń dán, òun àti ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó pè ní Shiloh. Ó ní dírẹ́bà òun ni.

"Mummy, ẹ gbà á níbí, a ò ní pẹ́."

"Lẹ́nu ọ̀nà kẹ̀?" ni Àsúmáù wí. "Ṣé gbèsè ni mo fẹ́ gbà ni? Ẹ wọlé, kí ẹ fẹnu kan nǹkan."

Wọ́n wọlé. Gbádégẹṣin dọ̀bálẹ̀ fún Làtíìfù tó jókòó nídìí tẹlifíṣàn. Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí Shiloh gbá bàbá náà ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu. Eyín kan fò jáde, ó bọ́ sínú ife tíì.

"Daddy, ẹ má bínú," ni Gbádégẹṣin wí, ó ń gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ ilé irin yẹn dà?"

"Ilé irin wo?"

"Mummy ṣáà ti kì wá débẹ̀. Ìbọn márùn-ún."

Àsúmáù sá jáde láti kíṣìnnì, Shiloh fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a padà mọ́ ilẹ̀kùn. Gbádégẹṣin yọ ọ̀bẹ. Wọ́n wò yíká, àga tó bá ọwọ́ wọn ni àga ìkírun. Wọ́n gbé Làtíìfù lé e, wọ́n fi wáyà áyọ́ọ̀nù dì í mọ́ ọn. Orí kọ́kọ́rọ́ gan-an ni wọ́n dè é mọ́.

Wọ́n bi í, kò fọhùn. Shiloh di ìka kan mú ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún bí igi ìdáná. Làtíìfù ké, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé àwọn ìbọn náà kò láhọ́n, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ burúkú kò wọ́n nílùú yìí. Ẹni tó bá lè jí ara ìbọn, á wá ahọ́n fún un. Ó ní ṣe ni òun ń rí ọmọ ọlọ́mọ tó nà sílẹ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, tí ẹnì kan ń fi ọwọ́ dí ihò lára rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ìka kejì. Gbádégẹṣin fi ọ̀bẹ la etí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí jálábíà funfun.

"Daddy, ẹ máa dá ara yín lóró ni. Ṣé ìbọn ló máa sin yín?"

"You're talking too much, bruv," ni Shiloh wí. "Bi ìyàwó ẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n!" Àsúmáù wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra, wọn ò fi hàn mí rí!"

Gbádégẹṣin bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, ìyàwó wo ni ò mọ kọ́kọ́rọ́ ilé ara ẹ̀?"

Shiloh fi ìborùn rẹ̀ wọ́ ọ lọ sí kíṣìnnì. Òróró dòdò ṣì ń hó. Ó gbé páànù, ó sì da òróró náà sí i lápá, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Igbe tí Àsúmáù ké lọ́jọ́ náà, ó ní òun fúnra òun kò mọ̀ pé òun lòun ké e.

"Abẹ́ mi ló wà!" ni Làtíìfù kígbe. "Ẹsẹ̀ àga! Ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọ́n ti àga ṣubú tòun tẹni tó wà lórí rẹ̀. Orí Làtíìfù gbá ilẹ̀. Wọ́n fa rọ́bà yọ, kọ́kọ́rọ́ já bọ́. Gbádégẹṣin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Daddy! Ẹ sàba lé e bí adìyẹ!"

Wọ́n wọ́ tọkọtaya náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí ojú wọn lè máa wà lára wọn, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Shiloh fi ẹní ìkírun wé ìbọn mẹ́ta, ó gbé wọn lọ sínú ọkọ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Ó ku méjì. R.B. fara ti ògiri. Gbádégẹṣin gbé ìkejì. Ìbọn dà bí ohun tí í yí ọmọ ènìyàn lórí padà. Ẹni tí kò gbé e rí á fẹ́ mọ bó ṣe rí léjìká. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lójú fèrèsé kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè dì í mú. Ó di ojú kan, bí ó ti ń ṣe nídìí kámẹ́rà, ó na ẹnu ìbọn sí iwájú orí Àsúmáù.

"Mummy, ẹ kì mí."

"Mi ò mọ oríkì ẹ, ọmọ mi." Apá rẹ̀ ti ń bó.

"Ẹ fi tiwọn kì mí. Èmi ni mo nìbọn báyìí. Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa."

Wáyà ti dẹ̀ nígbà tí àga ṣubú, wíwọ́ ilẹ̀ sì ti fà á tú. Làtíìfù wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà. Láti ibi tó wà, ó rí ẹ̀yìn ìbọn, níbi tó yẹ kí ahọ́n wà. Ó là sílẹ̀ bí ẹnu arúgbó. Ó mọ̀. Ní gbogbo ayé, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ pé ìbọn yẹn kò lè dún.

Àsúmáù kò mọ̀. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀: "Àlàó, ọmọ ọdẹ tí í bá ìrì jà lówùúrọ̀... ọkọ mi tó kọ́lé irin fún ìbọn márùn-ún... Ìbọn kan ò pa..."

Làtíìfù dìde. Orúnkún tí kò jẹ́ kó forí kanlẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, n kò mọ bó ṣe gbé e dìde. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún àti ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ òsì di R.B. mú lẹ́nu, ó fì í bí ẹni ń fi àáké la igi. Ìdí igi bá Gbádégẹṣin lẹ́bàátí. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣubú lórí orúnkún, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́." Làtíìfù tún lù ú. Agbárí rẹ̀ dún bí igbá tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Ó dojú bolẹ̀. Làtíìfù tún lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, igi là sí méjì láàárín R àti B.

Ti àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé nítorí Àsúmáù ni. Ti méjì tó kù, n kò ní sọ ohun tí n kò mọ̀.

Nígbà tí Shiloh padà wọlé, tó rí ohun tó wà nílẹ̀, eré ló fi jáde. Ọlọ́pàá rí i mú ní Bermondsey kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbọn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Gbádégẹṣin kò lajú mọ́. Ní ọjọ́ Wednesday, ó kú sí ọsibítù.

Ọlọ́pàá dá Làtíìfù sílẹ̀ láti ọsibítù tí wọ́n ti ń di ìka rẹ̀ pé kó padà wá sọ tẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ Friday. Ọlọ́pàá ti ti ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ní Lewisham ni òun àti Àsúmáù wà. Lóyà rẹ̀ bá wa níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Moyinolúwa. Ó kúnlẹ̀ kí wa, kó tó ṣí fáìlì rẹ̀.

"Daddy, ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n á ní ṣé ẹ rò pé ìbọn yẹn lè dún mọ́ Mummy. Ọmọ náà ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Tí ẹ bá rò pé ó lè dún, ẹ ń gba ẹ̀mí là nìyẹn. Tí ẹ bá mọ̀ pé kò lè dún..." Ó pa fáìlì dé. "Kò sí ẹni tó wà nínú orí yín."

Nígbà tó lọ tán, mo fà mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Làtíìfù, wọ́n ti ṣẹ́ ẹ níka, wọ́n ti la etí ẹ, ta ló máa ń rántí ahọ́n ìbọn nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Ní o ò rántí. Ó tán."

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà? Ṣé o ti gbàgbé fìlà pupa ni?"

Lọ́jọ́ Friday náà, èmi àti Àsúmáù jókòó síta ní àgọ́ ọlọ́pàá, báńdéèjì wé apá rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Moyinolúwa jáde, ó ti yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Àsúmáù bi í.

"Daddy ní, 'Ìbọn mi ni. Èmi ni mo yọ ahọ́n rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò lè dún, mo sì lù ú.' Ọlọ́pàá ní ìgbà mélòó. Wọ́n ní, 'Mẹ́ta. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó bẹ̀ mí.'"

Àsúmáù kò sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo la ẹnu."

Kóòtù sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Àwọn ìbọn, wọ́n kó wọn lọ, kò béèrè wọn.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ wò ó lẹ́wọ̀n, àárọ̀ ni. Ó jókòó sídìí tábìlì kékeré, ó rù. Àsúmáù kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́dà kan gbé ẹsẹ̀ síwájú, ó rí i pé kì í ṣe ìjà, ó dúró.

"Àlàó, ọmọ ọdẹ tí í bá ìrì jà lówùúrọ̀, ọkọ mi tó kọ́lé irin fún ìbọn márùn-ún..." Ó dákẹ́.

"Parí ẹ̀," ni Làtíìfù wí.

"Bàbá Yusrah, ẹ jọ̀ọ́."

"Má fò ó. Bó ṣe rí ni kí o ṣe kì mí."

Àsúmáù tẹrí ba. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń bá ọmọ sísùn sọ̀rọ̀ lọ.

"Ìbọn mẹ́rin ò pa ènìyàn."

Làtíìfù mi orí. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí ìka méjì ti wọ́ lára rẹ̀, ó fi gbé e dìde.